Àpótí irinṣẹ́ tí mo fi tú ṣọ́ọ̀kì iwájú: ìbínú mi ní Kubwa àti ọmọ iṣẹ́ tó yọ mí

"A kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti já páálí ẹ̀ padà." Ohun tí màdáámú ṣọ́ọ̀bù kan ní Kubwa sọ fún mi nìyẹn, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà lápá ọ̀dọ̀ wa mọ bí ọyẹ́ ṣe ń fojú ṣọ́ọ̀kì rí màbo. Eruku á lẹ̀ mọ́ òpó tó ń dán yẹn, gbogbo ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì bá sì wọlé tó jáde, eruku á máa ha ẹnu síìlì, ìyẹn rọ́bà róbótó tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, títí ọ́ìlì á fi máa jò. Ti Boxer mi jò débi pé ó rin ara dúrọ́ọ̀mù bíréèkì. Mi ò fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì lu bóòtù, ni mo bá ra àpótí yìí ní ₦38,000. Irin T tó ń di ọ̀pá inú ṣọ́ọ̀kì mú wà níbẹ̀, ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa síìlì, irin onílàjì méjì tí wọ́n fi ń gbá síìlì tuntun wọlé, àti sírínjì ọ́ìlì.

Bóòtù kan wà nínú ihò lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì, ááléènì kíì, irin onígun mẹ́fà, ló ń tú u. Ọ̀pá inú ni bóòtù yẹn dì mú. Tẹ́ ẹ bá ń yí i, ọ̀pá á máa bá a yí, kò ní tú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ T ni kó ti òkè wọlé kó di ẹnu ọ̀pá mú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ó bá gbogbo ọ̀kadà kéékèèké mu. Irọ́ ni! Orí T tó kéré jù nínú mẹ́rin tí wọ́n kó síbẹ̀ tóbi ju ẹnu ọ̀pá tèmi lọ.

Mo gbé e padà, mo kí màdáámú dáadáa, mo ṣàlàyé. Ó ní kí n ka ìwé tó wà lára ògiri. Wọ́n ti fi táyà kọ́ bo ìwé náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sún táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó rí i. Mo ní, "Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò wọ̀ láìjá páálí?" Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé èmi ni mo ṣe é ni?" Ó yíjú sí oníbàárà mìíràn, ó tajà fún un, ó ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì, ó tún bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan ní Gwagwalada. Èmi dúró, irin lọ́wọ́ mi. Mo ní kó pe ọ̀gá wọn, ó ní ọ̀gá ń sùn. Aago mẹ́wàá àárọ̀! Láti 2006 tí wọ́n ti lé ọ̀kadà akérò kúrò láàárín ìlú Àbújá, àwa tá a ń gùn ún nírú Kubwa là ń bọ́ irú ṣọ́ọ̀bù yìí.

Mo ti gbé ẹrù mi jáde nígbà tí ọmọ iṣẹ́ wọn kan sáré tẹ̀ lé mi. Ọmọ Ìgbómìnà ni, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ fi T yẹn sílẹ̀." Ó ní ìwé inú páálí tó ní ká kọ́kọ́ yọ sípíríńgì ló ń dá àwọn èèyàn lágara. Kí n dá sípíríńgì padà, kí n dé ìdérí òkè le, kẹ́nì kan tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ gidi. Sípíríńgì fúnra ẹ̀ á tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, kò ní rọrùn fún un láti yí mọ́. Kí n wá já ááléènì kíì lójijì, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. "Tí kò bá gbọ́, ẹ gbẹ́ ẹnu igi mọ́ọ̀pù ṣóńṣó, ẹ fi hámà gbá a wọ ẹnu ọ̀pá, kẹ́nì kan di igi yẹn mú." Ó kìlọ̀ pé tí mo bá ń tú ìdérí òkè, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí sípíríńgì lè ta á sójú èèyàn. Ó fún mi ní wọ́ṣà bàbà tuntun fún bóòtù ìsàlẹ̀, torí ti àtijọ́ lè jẹ́ kí ọ́ìlì tún máa jò. Kò gba kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó rán an.

Nílé, àbúrò mi tẹ ṣọ́ọ̀kì, mo já kíì, bóòtù dún kọ́, ó tú. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé jáde!

Àwọn irin tó kù wá dára ju bí mo ṣe rò lọ. Lẹ́yìn tí mo yọ wáyà róbótó tó há síìlì mọ́lẹ̀, ìkọ́ fà á jáde láìha etí irin. Mo fi náílọ́ọ̀nù bo orí òpó kó má baà gé ẹnu síìlì tuntun, mo fi ọ́ìlì pa á. Irin onílàjì méjì gbá òpó mọ́ra, síìlì wọlé gérégé, kò dá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Sírínjì ni mo fẹ́ràn jù: kí n tó fi sípíríńgì sí i, mo ti òpó wọlé pátápátá, mo fa ọ́ìlì tó lé, ọ̀tún àti òsì dọ́gba.

Máàkì: 4 nínú 5. Ẹni tó bá ka ìbínú mi lókè lè ní ó pọ̀ jù, àmọ́ ọmọ yẹn ló ni 2 nínú ẹ̀. Màdáámú ò ní nǹkan kan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú àpótí yìí, ẹ gba ògbólógbòó ọ̀pá kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín, ẹ mú un dání, kí wọ́n já páálí níṣojú yín, kẹ́ ẹ fi wọn orí T kí owó tó kúrò lápò.