Ẹ ṣọ́ra o! Idà "Balaclava" ni wọ́n fi lù mí ní jìbìtì £1,400

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra idà àtijọ́ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. £1,400! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tu owó yẹn jọ. Gbájú-ẹ̀ kan gbà á lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án gangan, mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní idà ọ̀gá ológun ẹlẹ́ṣin kan ni, ọmọ ẹgbẹ́ 11th Hussars, pé idà náà ni ọ̀gá yẹn fà yọ nígbà tí Lord Cardigan, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó wọn lọ dojú kọ àgbá àwọn ará Rọ́ṣíà lójú ogun ní Balaclava, ní Crimea, ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, 1854. Ó fún mi ní lẹ́tà kan tó ti gbó, orúkọ ọ̀gá náà wà nínú rẹ̀. Mo wá orúkọ yẹn nínú ìwé àwọn ọ̀gá ológun ayé ìgbà náà, mo sì bá a níbẹ̀. N kò sùn lóru yẹn, ayọ̀ ni. Àṣé òkú ni wọ́n ń yá orúkọ rẹ̀ lò!

Mo délé, mo fi òróró nu idà. Bí ìdọ̀tí ṣe ń kúrò, lẹ́tà E àti R yọ lábẹ́ adé, VII wà láàárín wọn. Ọba Edward Keje! 1901 ló gorí oyè. Victoria ló ń jọba ní 1854, VR, ìyẹn Victoria Regina (Ọbabìnrin Victoria), ni à bá rí níbẹ̀. Èèkù rẹ̀ gan-an, irin fẹ̀ǹfẹ̀ tó bo ọwọ́, tí wọ́n lu ihò òdòdó sí lára, 1896 ni irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti àwọn ọ̀gá Hussars. Ọ̀pá irin mẹ́ta ló wà lára èèkù àwọn ọ̀gá Hussars ní Balaclava. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀! Mo mọ̀ ọ́n! Kí ló bò mí lójú?

Ẹ má bú mi o. Yàrá gbájú-ẹ̀ náà ṣókùnkùn, ó ti fi gírísì dúdú pa ojú idà, fóònù rẹ̀ kò sì yé dún, ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á. Ta ni kò ní kánjú? Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì dání, mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Ẹ wo àmì ọba kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ ti Wilkinson, ilé iṣẹ́ tó ń rọ idà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn idà. Ẹ má ka lẹ́tà sí ẹ̀rí.

Mo pe gbájú-ẹ̀ náà. Ó ní òun rò pé mo mọ ohun tí mò ń rà. Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́. Olè ni! Ní tèmi, n kò gba oníṣòwò idà kankan gbọ́ mọ́, àti àwọn tí ẹ ń yìn. Idà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi báyìí, n kò tíì lè fojú kàn án lẹ́ẹ̀kejì.