Itẹ́ Òkú Àwọn Ọmọ Ogun ní Houston: Iṣẹ́ Wọn Dáa, Àmọ́ Ẹ Kò Ní Rí Ẹnu Ibojì

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Houston National Cemetery. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan là ń wò, màá fún un ní márààrún láìjanpata. Ètò ìsìnkú wọn ló jẹ́ kí n yọ ọ̀kan, a ó débẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń da kọnkéré àti àwọn tó ń la gọ́tà, kí wọ́n má baà fi yanrìn rẹ́ ìjọba jẹ. Ibikíbi tí mo bá wọ̀, ilẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, la lọ sin níbẹ̀. Ìbàdàn ni Bàbá Kékeré ti gbéra lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n wọṣẹ́ ológun, wọ́n lọ sí ogun Gulf ní 1991, wọ́n sì fẹ̀yìn tì sí Houston, níbi tí wọ́n ti ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni ibẹ̀, lábẹ́ VA, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí. Ètò náà ti pẹ́. Ní 1862, tí ogun abẹ́lé wọn ń lọ lọ́wọ́, ni wọ́n ṣòfin pé kí ìjọba máa ra ilẹ̀ láti sin àwọn ọmọ ogun. Army, ìyẹn ẹ̀ka ológun orí ilẹ̀ wọn, ló ń mójú tó o títí di 1973, nígbà tí wọ́n kó itẹ́ òkú 82 lé VA lọ́wọ́. Arlington tí ẹ máa ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n kò sí lára rẹ̀. Ọwọ́ Army ló ṣì wà. Ti Houston yìí, 1965 ni wọ́n ṣí i, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 419 éékà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ nílé, ẹ ṣírò rẹ̀ ní pílọ́ọ̀tì mẹ́fà sí éékà kan: ó lé ní 2,500 pílọ́ọ̀tì. Ilé ìrántí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ìlàjì ìyíká, tòun ti ilé gogoro tí agogo wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ti ń ya fọ́tò. Èmi náà yà á, mo sì kọjá síbi tó kàn mí.

Ilẹ̀ Houston máa ń dá akọ́lé lágara. Amọ̀ ni, ó ń wú tí òjò bá rọ̀, ó ń sán tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Ẹlòmíì á kọ́lé tuntun, kò ní pé ọdún mélòó kan tí ògiri á ti lanu. Ìlú náà tún tẹ́ pẹrẹsẹ, omi kò mọ ibi tó máa gbà. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà ìjì Harvey, kò nílò kí n ṣàlàyé. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń ri òkúta mábù funfun mọ́, tó gùn ní íǹṣì 42, tó fẹ̀ ní íǹṣì 13, tó nípọn ní íǹṣì 4, tó sì wúwo tó nǹkan bí 230 pọ́ùn. Apá kan rẹ̀ wọlẹ̀, ìyókù yọ síta. Ẹ ro bí èèyàn ṣe máa mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ dúró ṣánṣán lórí amọ̀ tó ń mí sókè sódò.

Mo lóṣòó síbi tí ìlà kan ti bẹ̀rẹ̀, mo di ojú kan, mo wò ó lọ. Òkúta àkọ́kọ́ bo gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pátá. Mo wò ó ní ìdábùú, ó tọ́. Mo wò ó láti igun dé igun, ó tọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé mo sọ nǹkan nù ni.

Kì í ṣe pé àwọn òkúta náà kì í yẹ̀ o. Ó ń yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ fún gbígbé èyí tó bá rì sókè, títọ́ èyí tó bá wọ́, fífọ èyí tó bá dúdú, àti dídí ojú ilẹ̀ tó bá jìn. Iṣẹ́ ọdọọdún ni, a ò lè ṣe é parí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ tí gómìnà bá ti gé ríbọ́ọ̀nù ni owó tán.

Abẹ́ ilẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ní àwọn abala tuntun ní àwọn itẹ́ òkú ìjọba wọ̀nyí, wọn kì í dúró dìgbà tí èèyàn bá kú kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ gbogbo pápá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ri páìpù tí omi máa gbà jáde, wọ́n á wá máa to àpótí kọnkéré tira wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó pósí méjì lórí ara wọn. Wọ́n á fi ọmọrí kọnkéré dé e, wọ́n á da erùpẹ̀ bò ó, wọ́n á gbin koríko. Ẹ lè rìn kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀ pé ibojì òfìfo ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Tí òkú bá dé, katakata kékeré á há erùpẹ̀ kúrò, á gbé ọmọrí sókè, ó parí. Òjò ìbáà rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibojì kò ní ya lulẹ̀. Ó tún ń ṣọ́ ilẹ̀ ná: ibojì tí a gbẹ́ lásán máa ń fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ó ń gùn ní 10, èyí alápòótí fẹ̀ ní 3, ó gùn ní 8. Ibi tí ibojì kan ì bá gbà, méjì ń wọ̀ ọ́.

Ìpele ìpele ni wọ́n ń kọ́ ọ, ìpele kọ̀ọ̀kan ní láti tó sìnkú fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ń darí irú iṣẹ́ yìí kì í sùn dáadáa. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ibojì tó wà nílẹ̀ tán kí tuntun tó jáde, torí èèyàn kò lè sọ fún olókùú pé kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Kò sì lè ti géètì, torí pé wọ́n ń sìnkú lọ́wọ́ nítòsí ibi tí katakata ti ń ké. Ìdí nìyẹn tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn fi ní àwọn òfin tí mi ò pàdé nídìí gọ́tà rí: tí ìsìnkú bá ń lọ nítòsí, ẹ pa ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó sórí òkúta ibojì, kò gbọdọ̀ fara tì í, kò gbọdọ̀ gbé irinṣẹ́ lé e. Agbaṣẹ́ṣe tí kò bá fi wákàtí tí ẹ̀rọ máa fi dákẹ́ wọ̀nyí sínú ìṣirò owó rẹ̀ ló máa fi àpò ara rẹ̀ san án.

Owó ńkọ́? Ilẹ̀, gbígbẹ́ àti dídí, òkúta, ìtọ́jú títí ayé, àsíá, ìjọba ló ń san gbogbo rẹ̀. Pósí àti owó ilé ìtọ́jú òkú, ti ẹbí ni. Ọkọ tàbí ìyàwó ẹni náà ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀, ọmọ tí kò tíì dàgbà náà. Ìwé tí wọ́n máa béèrè ni DD-214, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi tú ọmọ ogun sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ti Bàbá Kékeré wà nínú báàgì kan náà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ wọn ní Àkóbọ̀, Ọlọ́run ló yọ wá. Ọ́fíìsì kan ní St. Louis la máa ń pè láti dá ọjọ́. Ẹ sì lè ti béèrè nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè bóyá ó ní ẹ̀tọ́. Fọ́ọ̀mù 40-10007 ló wà fún ìyẹn. Ẹ kò lè yan igun tó wù yín o, ẹ kò sì lè fi owó mú ibojì sílẹ̀. Wọn kì í sábà sìnkú lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ sin òkú lọ́jọ́ Fúráìdé, kí ẹ ṣe ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Kò ṣàjèjì sí wa.

Ó wá ku ìràwọ̀ tí mo yọ.

Wọn kì í gbé yín dé ẹnu ibojì. Abẹ́ àgọ́ kan tí wọ́n fi òpó gbé òrùlé rẹ̀ ró lẹ máa dúró, pósí á wà níwájú yín lórí kẹ̀kẹ́, ẹ óò sì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àlùfáà á gbàdúrà. Àwọn ọmọ ogun, ó kéré tán méjì, á ká àsíá, wọ́n á kúnlẹ̀ fún opó, wọ́n á gbé e lé e lọ́wọ́. Láti ọdún 2000 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ẹbí tó bá béèrè. Wọ́n á fọn fèrè. (Ẹ̀rọ ló wà nínú fèrè ti ọjọ́ wa, ọmọ ogun náà kàn gbé e sẹ́nu ni. Mi ò sọ fún Àǹtí, ìyàwó Bàbá Kékeré.) Ibẹ̀ ni gbogbo ojú ti ń ṣomi, èmi tí mo ń ṣe bí ọkùnrin ogun náà sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí a máa lọ, wọ́n ti ṣe tán.

Ṣe tán báwo? Pósí ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́. Bàbá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú tó bá wa wá kò dìde. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi òkú sílẹ̀ ní gbangba ni?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. Nílé, Dáwódù ló máa kọ́kọ́ da erùpẹ̀, àwọn àbúrò á tẹ̀ lé e, a ó gbọ́ ìró rẹ̀ lórí pósí, a ó mọ̀ pé ó parí. Ẹni tí kò da erùpẹ̀ lé bàbá rẹ̀, ẹnu ará ilé kò ní kúrò lára rẹ̀. Ní Houston, yanrìn díẹ̀ nínú ìgò kékeré tí ẹni tó ṣètò ìsìnkú mú dání ni Dáwódù wọ́n sórí pósí. Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹnì kan sì fi bàtà gbá a kúrò.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ibojì tó lanu, katakata, àwọn ìyá tó wọ bàtà gogoro lórí koríko tútù, òkú mìíràn tó ti ń dúró ní ẹnu ọ̀nà: tó bá jẹ́ èmi ni mò ń ṣọ́ ibẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe àwòrán ni mo kà á sí, kò dọ́rọ̀ ààbò nìkan. Àwọn tó lè to àpótí kọnkéré sábẹ́ pápá odindi lè fẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀ ní abala kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi irin yí i ká, kí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dúró níbẹ̀, kí wọ́n wo bí ọmọrí ṣe ń padà sípò rẹ̀. Kọnkéré tí ìyẹn máa gbà kò tó nǹkan kan lára ti àgọ́ yẹn. Tí wọ́n bá ń ya àwòrán ìpele tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò.

Kí ẹ tó dá ọjọ́, ẹ bi wọ́n ní pàtó bóyá wọ́n lè jẹ́ kí ẹbí wo dídí ibojì láti ọ̀ọ́kán. Àwa kò béèrè lásìkò. Ìrọ̀lẹ́ la padà lọ. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ẹ lè tẹ orúkọ sí, ó máa fi abala àti nọ́ńbà ibojì hàn yín lórí máàpù. A bá ilẹ̀ tí wọ́n ti dí, tí wọ́n ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá Ìjẹ̀bú fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó dáa.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ọmọ wa tó ń wọṣẹ́ ológun lọ́hùn-ún ń pọ̀ sí i. Nígbà ètò MAVNI, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2009, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí Army ń wá, ẹni tó bá gbọ́ ọ lè wọlé láìtíì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Irú wọn kì í ṣe àkọ́kọ́. Tí ẹ bá dé Houston, ẹ béèrè ibojì Macario García. Mexico ni wọ́n ti bí i. Ó jagun fún Amẹ́ríkà ní Jámánì, Ààrẹ Truman fi Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ, dá a lọ́lá ní 1945, ọdún 1947 ló tó di ọmọ ilẹ̀ náà. Kí àwọn ọmọ yìí fi DD-214 wọn síbi tí ìyàwó mọ̀.

Òkúta Bàbá Kékeré ti dé, orúkọ, ipò, ogun tí wọ́n jà, gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n ṣàlàyé fún Àǹtí pé ibojì kan náà ni wọ́n jọ máa lò, Bàbá nísàlẹ̀, Àǹtí lókè, orúkọ tiwọn á wà lẹ́yìn òkúta. Àǹtí yí lọ sẹ́yìn òkúta, wọ́n wò ó bí ẹni ń wo ilé tí wọ́n fẹ́ háyà. Wọ́n ní lókè yẹn dára, torí Bàbá yín máa ń han-an-run.