Áyódìn tí mo fi sí orúnkún: oògùn ọ̀hún dáa, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò

Ẹ jẹ́ n tètè fún un ní máàkì kí n tó máa rojọ́. Nínú márùn-ún, mẹ́rin ni. Ẹyọ kan tí mo yọ, sọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́kọ́ rà á ló ni ìdajì ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ni ìdajì tó kù. Povidone-iodine ni mò ń wí o, omi oògùn tó pupa rúsúrúsú bí àgbo èèpo igi yẹn, tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi pa ara kí wọ́n tó la èèyàn. Àwọn kan ń pè é ní Betadine, láàárín tiwa ṣá, áyódìn ni gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, mo ti ọjà Wàásò l'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ń bọ̀, mo gbé báàgì láfún lé itan lórí ọ̀kadà, ọmọ yẹn ò sáré rárá, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, yanrìn tí òjò kó dà sójú títì ló gbá táyà ẹ̀, bá a ṣe ń sún mọ́ Tákìé báyìí la bá ara wa nílẹ̀. Láfún ò dànù, ọpẹ́ ni f'Ólúwa, àmọ́ orúnkún mi òsì bó, igbọ̀nwọ́ náà fara pa díẹ̀.

Kí n tó dìde, bàbá kan ti sáré já ewé Akíntọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ti ń rún un lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú mìíràn, ewé Awólọ́wọ̀ làwọn kan ń pè é lọ́dọ̀ yín, ewé kan náà ni, ìjà àwọn bàbá méjèèjì ló bá wọn débi ewé. L'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ṣá, ta ló máa pè é ní Awólọ́wọ̀ lójú wa, nínú ìlú tó bí Ládòkè Akíntọ́lá? Ó fún omi ewé sí i, ẹ̀jẹ̀ dá lóòótọ́, mi ò ní bú ewé. Ọwọ́ tó fi rún un ni mò ń wò, ọwọ́ tó fi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ni, gírísì dúdú ló kún gbogbo èékánná ẹ̀.

Mo bá ya kẹ́mísìtì tó sún mọ́ wa. Ọmọbìnrin tó wà ńbẹ̀ ò béèrè pé kí ló ṣe mí, ó gbé ìgò ńlá kan jáde lábẹ́ káńtà, ó rọ díẹ̀ sínú ìgò róbótó kékeré kan tó dájú pé oògùn ikọ́ ló ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní ₦500. Kò sí orúkọ lára ẹ̀, kò sí déètì tó máa bàjẹ́, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí bó ṣe le tó. Mo ní báwo ni mo ṣe máa lò ó, ó ní "Ẹ ṣáà máa fi pa á, mọ́mì," ojú ẹ̀ ò kúrò lórí fóònù. Ìdajì máàkì tiwọn nìyẹn.

Tèmi wá rèé. Mo délé, mi ò fọ egbò o, mo ní ṣebí oògùn ni, á pa ohun tó bá wà ńbẹ̀. Mo da áyódìn lé yanrìn lórí. Mo rẹ òwú sínú ẹ̀ títí ó fi ń kán tótó, mo dì í mọ́ orúnkún, mo wá fi ọ̀rá wé e lórí kó má baà ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́, kó sì lè wọlé dáadáa. Àárọ̀ bẹ́ẹ̀, alẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dọjọ́ kẹta, ara tí ò bó rárá, èyí tó yí egbò ká, ti pọ́n, ó ń yún mi, ó lé wínníwínní, mo rò pé kòkòrò ló ti wọ̀ ọ́, ni mo bá tún da òmíràn sí i.

Nọ́ọ̀sì kan ń gbé fúláàtì tó kọjú sí tiwa, mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ àmọ́ Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pè é. Ó rí mi tí mò ń tiro lọ sídìí kànga, ó ní òun fẹ́ wò ó. Bó ṣe tú ọ̀rá yẹn, òórùn áyódìn gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ fẹ́ kí orúnkún yìí san ni àbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ lẹ fẹ́ fi sè?" Mo rẹ́rìn-ín títí egbò fi ń dùn mí.

Ó ní kì í ṣe kòkòrò ló wọ̀ ọ́, oògùn ló jó mi lára. Áyódìn tó bá dúró tútù sójú kan tí atẹ́gùn ò dé ibẹ̀, á máa jẹ awọ ara wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní nínú yàrá iṣẹ́ abẹ pàápàá wọn kì í jẹ́ kó ṣàn lọ sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn, torí ẹni tó bá sùn lé e fún wákàtí mélòó kan lè jí kí ẹ̀yìn ẹ̀ ti bó bíi tẹni tí iná jó.

Ó wá ní kí n gbé ẹsẹ̀ sábẹ́ omi. Omi tó mọ́, tó ń ṣàn, ọṣẹ díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ egbò, ó fi gọ́ọ̀sì rọra ń yọ yanrìn tó ṣì wà ńbẹ̀ látọjọ́ Sátidé, yanrìn Tákìé, ojú mi ló ṣe. Mo ní ṣé gbogbo áyódìn tí mo ti dà síbẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ni? Ó ní ẹ̀jẹ̀, ọyún, iyẹ̀pẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń mu agbára ẹ̀, kó tó kan kòkòrò ó ti rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tó gbẹ, ìwọ̀nba tó rin gọ́ọ̀sì ló lò, kò da ìgò sójú egbò, kò jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ara mi. Ó pa á láti àárín lọ sí etí, kò tún fi gọ́ọ̀sì yẹn padà sáàárín. Ó ní ká jókòó ká máa wò ó, bí ìṣẹ́jú méjì. Ìgbà tó bá ń gbẹ lára yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá pa á tán tó fi tísù nù ún kíá, owó ẹ̀ ló nù dànù yẹn. Lẹ́yìn náà gọ́ọ̀sì gbígbẹ, plásítà díẹ̀ létí, ó tán. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ó pọ̀ tán ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìgò róbótó yẹn ńkọ́, ó gbé e sókè wò ó, ó ní òun ò mọ ohun tó wà ńbẹ̀, kí n dà á nù. Kẹ́hìndé mi ló lọ ra òmíràn lọ́nà Under G lọ́hùn-ún, ₦1,500, ìgò 100ml, inú páálí ló wà, séèlì ò tíì já. Àwọn wọ̀nyẹn ni mo gbóríyìn fún o. Ẹni tó tà á béèrè pé ta ló fẹ́ lò ó, ṣé ó lóyún tàbí ó ń tọ́mọ lọ́mú, ṣé ó ní gẹ̀gẹ̀, ṣé áyódìn ti yún un lára rí. Kẹ́hìndé ní láti pè mí lórí fóònù, mo ní kó bá mi sọ fún wọn pé màmá ẹ ti kọjá ti oyún.

Lára páálí ẹ máa rí 10%. Ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù, povidone àti áyódìn tí wọ́n so pọ̀ ló jẹ́ 10% yẹn, áyódìn tó ń jà níbẹ̀ gangan, 1% péré ni. Povidone ló dì í mú tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi ta bíi ti ayé àtijọ́ tí wọ́n fi spírítì pò. Ẹ̀yin tí wọ́n fi onísípírítì yẹn pa lára nígbà tẹ́ ẹ wà ní pámárì ẹ ò lè gbàgbé, kí wọ́n tó fi kàn wá la ti ń pariwo. Áyódìn fúnra ẹ̀ ti pẹ́ láyé, 1811 ni ará Faransé kan, Bernard Courtois, rí i nínú eérú koríko inú òkun, àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá so ó mọ́ povidone l'Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jayé ni jàre.

Ẹ jẹ́ n sọ ti láfún kí n tó gbàgbé. Mò ń tún egbò ṣe níbi tí mo ti ń ku láfún lọ́wọ́, ẹ̀kán kan bọ́ sínú ẹ̀. Kíá ló di dúdú, dúdú bí aró! Mo figbe ta. Mo ní wọ́n ti ta láfún onímájèlé fún mi. Kẹ́hìndé sáré jáde, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Màámi, sítáàṣì ni, bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ wa níléèwé nìyẹn, áyódìn ò lè kan sítáàṣì kó má dú." Ẹ̀kọ, gààrí, iṣu, bákan náà ni. Mo bu ibẹ̀ dànù ṣá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí ẹ̀kán tó bọ́ sí ara gèlè mi tí mo fi sítáàṣì sí fi jọ aró dípò kó pọ́n. Lára èèyàn, omi àti ọṣẹ ń ṣí i, lára aṣọ, ẹ tètè fọ̀ ọ́.

Ẹ máa bi mí pé ṣé ó sàn ju GV (gentian violet) lọ. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni. GV ò ta, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn á jẹ́ àwọ̀ àlùkò fún ọjọ́ gbọọrọ, bí egbò bá sì ń kẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ ẹ ò ní tètè mọ̀. Spírítì ń ta, ó ń jó ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Dettol, ó yẹ kéèyàn bu omi sí i dáadáa, àwọn èèyàn wa ò fẹ́ bu omi sí nǹkan kan, wọ́n ní kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tú kápúsù sójú egbò, mi ò ní bá yín jà lónìí, ẹ ṣáà jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ má sì da áyódìn pọ̀ mọ́ hydrogen peroxide tó máa ń hó yẹn, ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú.

Ibi tí mo ti bẹ̀rù ẹ̀ díẹ̀ rèé. Ìyá ọkọ mi wá kí mi, wọ́n rí ìgò, wọ́n ní kí n bu díẹ̀ fáwọn, egbò kan wà ní kókósẹ̀ wọn tó ti ń bá wọn fà á látìgbà iléyá. Mo ti ń bu ú. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn yín yẹn, ṣé dókítà mọ̀ sí i?" Áyódìn máa ń gba ojú egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ibi tó wú lọ́rùn yẹn gan-an ló sì ń lo áyódìn nínú ara, bó bá pọ̀ wọlé á dà á rú. Ó tún ní egbò tó ti pẹ́ tó báyẹn, ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n yẹ àtọ̀gbẹ wò. Ìyá bínú, wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, ọmọdé ò jẹ́ kí àgbà fi oògùn para. Wọ́n lọ sílé ìwòsàn ṣá, èsì tí wọ́n mú bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè kọ síbí.

Ọmọ tuntun náà, ẹ má fi pa á níwọ̀ọ́ o. Awọ wọn fẹ́lẹ́, á mu ún wọlé. Ti ìwọ́, jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni wọ́n máa ń fún ìyá ọmọ, kì í ṣe èyí. Aláboyún àti ẹni tó ń tọ́mọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kẹ́ ẹ tó máa lò ó léraléra. Bó bá jẹ́ ìṣó ló gún yín wọnú lọ, áyódìn ò dé ìsàlẹ̀ yẹn, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ sá lọ gbà. Bó bá jẹ́ ajá ló bù yín jẹ, ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ẹ lè wá fi áyódìn pa á, àmọ́ ẹ má tìtorí pé ẹ ti fi pa á jókòó sílé, abẹ́rẹ́ ajá dìgbòlugi ò ní ìrọ́pò.

Tèmi, nígbà tó fi máa pé ọjọ́ méje tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹran pupa tó dáa ti ń hù, ó ní ó tó, kí n dáwọ́ áyódìn dúró, pé bí mo bá ń fi pa ẹran tuntun lásán ó lè máa fà á sẹ́yìn. Àpá tó kù ò ju owó kọ́bọ̀ lọ.

Ọmọ ọlọ́kadà yẹn ti di ọmọ mi báyìí, òun ló ń gbé mi lọ sọ́jà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tiro wọlé, sálẹ́ńsà ti jó o lójúgun, ó ní "Màámi, áyódìn yín dà?" Mo ní ìyẹn ṣì máa dúró ná, mo gbé àga fún un sídìí kànga, mo ní kí Kẹ́hìndé máa rọra da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Kẹ́hìndé ní ẹsẹ̀ kan ni omi tó tó báyìí wà fún?