Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Longarm Tí Ìyá Kan Ń Ṣe Nínú Ilé Wọn Lẹ́bàá Houston

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, iṣẹ́ ìyá yìí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ longarm rán quilt (kúbùsù onípele mẹ́ta), dára, owó tí mo san kò sì dùn mí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo aṣọ ló yẹ kí ènìyàn gbé lọ fún wọn, kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ìwé owó wọn ló yẹ kí ènìyàn sanwó fún. Quilt méjì ni mo gbé lọ. Èkíní jẹ́ ti ibùsùn ńlá, tí mo fi àwọn ankara tó ṣẹ́ kù lára aṣọ ẹbí oríṣiríṣi ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe ìgbéyàwó. Èkejì kéré, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fi ṣe gbogbo àárín rẹ̀, ara ògiri ni mo sì fẹ́ fi í kọ́ sí. Ohun tí mo gbà padà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra gan-an, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ náwó síbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, quilt ní ìpele mẹ́ta: ojú aṣọ tí a fi ègé kéékèèké rán pọ̀, òwú fùlùfúlù tó wà láàárín, àti aṣọ ẹ̀yìn. Ẹni tó gé ègé tó sì rán an pọ̀ kò tíì ṣe quilt tán, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣe. Rírán tí yóò mú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ tó le. Lórí ẹ̀rọ ìránṣọ inú ilé, àlàfo tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti ara ẹ̀rọ kì í sábà ju íǹṣì 7 sí 9 lọ, inú àlàfo yẹn ni ènìyàn yóò sì ti máa ká kúbùsù ńlá bí ẹní, tí yóò máa tì í, tí yóò máa fà á, títí èjìká yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ti longarm kò rí bẹ́ẹ̀. Orí férémù tó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 12 ni a máa ń na aṣọ sí, a ó ká etí rẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀pá gbọọrọ, aṣọ yóò dúró sójú kan, ẹ̀rọ ni yóò sì máa rìn lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì. Apá ẹ̀rọ náà máa ń gùn tó íǹṣì 18 sí 30. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú férémù rẹ̀, èyí tó ní kọ̀ǹpútà lára sì lè ju 30,000 dọ́là lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe quilt ní Amẹ́ríkà máa ń dúró lórí ojú aṣọ, wọn a sì gbé ìyókù lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú gáréèjì rẹ̀.

Gáréèjì ni ti ìyá yìí náà wà, wọ́n ti kun ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì fún ooru Texas. Kò sí pátákó kankan níta. Ẹnu àwọn ènìyàn ni mo ti gbọ́ nípa wọn.

Ohun tó mú kí ọkàn mi balẹ̀ ni bí wọ́n ṣe gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Èrò mi ni pé n óò gbé ẹrù kalẹ̀, n óò yan bátànì, n óò san àsansílẹ̀, n óò sì máa lọ. Wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ ojú quilt ńlá náà sórí tábìlì, wọ́n fi téèpù wọn ìbú rẹ̀ lókè, wọ́n wọ̀n ọ́n láàárín, wọ́n wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lábẹ́ ara wọn. Wọ́n ní bí etí bá fi íǹṣì kan tàbí méjì gùn ju àárín lọ, aṣọ tó ṣẹ́ kù yóò máa kó jọ síwájú abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ yóò sì rán ìṣẹ́po mọ́ ọn, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i mọ́ nígbà náà. Tèmi kò ju ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ, wọ́n mi orí, wọ́n yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wá fi ojú sí jù: wọ́n ń fi ìka tọ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan lọ, wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé òwú dúdú tó bá rọ̀ sábẹ́ ègé tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí òwú bẹ́ẹ̀ yóò hàn látojú bí a bá ti rán an tán. Èmi àti ìyá náà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín àkókò yìí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí mo rò pé n kò sanwó fún, ó sì wá yé mi pé òun gan-an ni mo sanwó fún.

Aṣọ ẹ̀yìn ní òfin tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 4 ju ojú lọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ibẹ̀ ni férémù yóò ti dì í mú, nítorí náà ojú tó jẹ́ 72 ní 90 nílò ẹ̀yìn tó jẹ́ 80 ní 98. Wọn kì í gba bẹ́díṣíìtì ṣe ẹ̀yìn, nítorí híhun rẹ̀ ti máa ń ki jù fún abẹ́rẹ́. Wọn kò sì fẹ́ kí ènìyàn fi píìnì gán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ wá láti ilé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé wọn sórí ọ̀pá.

Ìgbà tí ó kan àdìrẹ ni ọ̀rọ̀ dùn. Wọ́n mú hankíṣíìfù funfun kan, wọ́n fi omi kàn án díẹ̀, wọ́n fi nu ojú aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì nà án sí mi láìsọ̀rọ̀. Búlúù ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ yìí kò lè gun orí férémù àwọn lónìí, torí yóò pa fùlùfúlù funfun láró, yóò sì pa aṣọ oníbàárà tó bá tẹ̀ lé e láró pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti ra àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, rí mọ̀ pé aró máa ń yọ, àmọ́ n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: aró ẹlú kì í yòrò wọ inú fọ́nrán òwú bí ọ̀pọ̀ aró ìgbàlódé, ara fọ́nrán náà níta ló máa ń dì mọ́, èyí tó bá sì pọ̀ jù lára rẹ̀ yóò máa bọ́ nígbà tí nǹkan bá ń fara kàn án. Iyọ̀ àti ọtí kíkan tí gbogbo wa ń dà sí i kò dá a dúró. Fífọ̀ ló ń ṣe é, kí ènìyàn máa fọ̀ ọ́ lọ títí omi yóò fi mọ́. Fífọ̀ yẹn náà ni yóò kó ìyókù ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ya ọnà rẹ̀ kúrò, èyí tó máa ń mú aṣọ le gbagidi lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo gbé e padà lọ sílé, mo fọ̀ ọ́, mo sì gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì. Hankíṣíìfù náà ni wọ́n tún kọ́kọ́ mú.

Aṣọ òkè ni wọn kò gbà rárá. Mo ti fẹ́ kí ó yí quilt ìgbéyàwó náà ká, ṣùgbọ́n wọ́n dán ègé kan wò lójú mi: ibi tí ojú aṣọ méjì ti pàdé ki tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ fi ń kọ lù ú, abẹ́rẹ́ ń já òwú dídán inú rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ń tú kí a tó gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n sọ òtítọ́, mo sì gbà. Títí di òní, ìyá ìyàwó ṣì ń béèrè pé aṣọ òkè dà.

Ní ti owó, íǹṣì onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣírò. Bátànì kan náà tí kọ̀ǹpútà ń darí láti etí dé etí jẹ́ sẹ́ǹtì 2 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn darí ẹ̀rọ ṣe, tí ọnà rẹ̀ tẹ̀ lé ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ sẹ́ǹtì 6. Quilt ankara mi jẹ́ 72 ní 90, íǹṣì onígun mẹ́rin 6,480, ìyẹn 129 dọ́là àti sẹ́ǹtì 60 lórí ti àkọ́kọ́, tàbí 388 dọ́là àti sẹ́ǹtì 80 lórí ti èkejì. Èyí tó wọ́n ni mo fẹ́ yàn, nítorí ìgbéyàwó ni. Ìyá náà fúnra wọn ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ègé ankara kan síwájú mi, èyí tó ní ẹyẹ, tó ní òdòdó, tó ní àwọ̀ mẹ́rin, wọ́n sì bi mí pé níbo ni mo rò pé ojú ẹni tó ń wò ó yóò ti rí òwú. Ẹni tó lè gba owó mi tó sọ fún mi pé kí n fi í pamọ́, n kò rí irú wọn púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Bátànì olówó kékeré náà, ìlà tó ń yí kọ́lọkọ̀lọ, mú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró dáadáa, kúbùsù náà rọ̀, ó sì wúwo bó ṣe yẹ, fùlùfúlù tí mo rà lọ́wọ́ wọn, èyí tí ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ òwú, kò sì mú kí ó wú jù. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó rí ojú abẹ́rẹ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ orí ba. Ankara ti sọ tirẹ̀ tán kí òwú tó débẹ̀. Mo gba gbogbo ẹni tó ń fi aṣọ ẹbí ṣe quilt nímọ̀ràn pé kí wọ́n mú bátànì tó rọrùn jù, kí wọ́n sì fi owó tó kù ra fùlùfúlù gidi.

Orí àdìrẹ ni sẹ́ǹtì 6 ti jẹ́ owó tí mo ná dáadáa. Aṣọ náà jẹ́ 40 ní 50, íǹṣì 2,000, 120 dọ́là. Ìbàdàndùn ni ọnà rẹ̀, èyí tí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Àkàbà ni ìyá náà kọ́kọ́ pe àwọn òpó yẹn, mo sì fi àwòrán Mápó hàn wọ́n lórí fóònù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí léèrè nípa ọnà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ kàn án. Wọ́n fi òwú búlúù tó ṣú tọ ẹ̀gbẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan lọ sókè, wọ́n fi rúlà dídán tó nípọn dì í kí ìlà má baà wọ́, wọ́n rán ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra sí ẹ̀yìn òpó kí ibẹ̀ lè rẹlẹ̀, nígbà tí òpó fúnra rẹ̀ yóò yọ jáde díẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sára ògiri ní ìrọ̀lẹ́, òpó a dà bíi pé ó dúró gan-an. Ẹ̀rọ tó ní ohun tó ń mú kí ojú abẹ́rẹ́ gùn dọ́gba, bó ti wù kí ọwọ́ yára tó, ló ṣe é, àmọ́ ọwọ́ ló darí rẹ̀, ó sì hàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí kò dára. Àkọ́kọ́ ni àkókò. Oṣù Kẹwàá ni a jọ fẹnu kò sí, ìparí Oṣù Kọkànlá ni mo gbà á, ìgbéyàwó sì wà ní Oṣù Kejìlá. Ìgbà ìwọ́wé ni International Quilt Festival, àpéjọ ńlá àwọn tó ń ṣe quilt, máa ń wáyé ní gbọ̀ngàn George R. Brown ní Houston, gbogbo ẹni tó ń ṣe quilt ní agbègbè náà ló sì ń fẹ́ kí tiwọn jáde lásìkò kan náà, tí ti Kérésìmesì tún wá gùn ún. Èyí yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé èmi ni mo pè kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti falẹ̀. Ẹni tó bá ń gba iṣẹ́ oníṣẹ́ sínú ilé ara rẹ̀ yẹ kí ó lè tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan.

Èkejì wà lẹ́yìn quilt ńlá. Níbi tí ìlà ti yí, òwú bọ́bìn tó wà nísàlẹ̀ fa ti òkè lọ sílẹ̀, ó sì fi àmì kéékèèké bí ìpéǹpéjú sílẹ̀ lára aṣọ ẹ̀yìn tó funfun. Mo fi hàn wọ́n, wọn kò jà mí níyàn, wọ́n tú ìlà tó burú jù, wọ́n tún un rán láìgba kọ́bọ̀. Ti ìyókù ṣì wà níbẹ̀ bí ènìyàn bá wá a.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹ̀bi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ béèrè. Ológbò ńlá kan wà nínú ilé náà, ẹni tí irun ẹranko bá ń dà láàmú yóò mọ̀ ọ́n lára aṣọ rẹ̀ títí tí yóò fi fọ̀ ọ́. Bákan náà, ìbánigbófò ilé lásán kì í sábà bo ẹrù oníbàárà tó bá bàjẹ́ nínú ilé ẹni tó ń ṣòwò níbẹ̀. Ìyá yìí ní ìwé ìbánigbófò okòwò tiwọn, wọ́n sì fi hàn mí nígbà tí mo béèrè. Ẹni tó bá gbé aṣọ ìyá rẹ̀ tó ti kú lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tijú láti béèrè.

Àwọn kan sọ fún mi pé ọwọ́ ló yẹ kí n fi rán an. Mo ti rí quilt àwọn obìnrin Gee's Bend ní Alabama, irú èyí tí Museum of Fine Arts ní Houston pàtẹ ní 2002, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ẹ̀rọ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgbéyàwó ní ọjọ́. Àwọn ilé ìtajà kan tún ń yá ènìyàn ní ẹ̀rọ longarm fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ, ẹni tó bá ní sùúrù lè gbìyànjú rẹ̀, ó sì lè dín owó kù bí quilt bá pọ̀.

Quilt kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ mi, àdìrẹ ni gbogbo rẹ̀, mo sì ti fọ̀ ọ́. Oṣù Kejì ni mo ti gba àyè sí lọ́dọ̀ ìyá náà, nígbà tí èrò kò pọ̀. Sẹ́ǹtì 6 ni n óò san, òwú ẹ̀yìn yóò sì jẹ́ àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ti òkè, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí a jọ fọwọ́ sí. Ìgbátí, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń di etí quilt yíká, nìkan ni n kò ní gbé fún wọn: sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ń gbà lórí íǹṣì kan ní gígùn etí náà, ìyẹn ìbá jẹ́ 81 dọ́là lórí quilt ìgbéyàwó nìkan, ẹ̀rọ tèmi nílé sì lè ṣe ìyẹn.