Oògùn Aràn Ẹṣin: Ṣé Oṣù Ni Ká Wò Ni, Àbí Ìgbẹ́?

Ọ̀nà méjì ni ẹni tó ń sin ẹṣin ní Ilé-Ifẹ̀ lè gbà kápá aràn. Èyí tó rọrùn jù ni kí ó máa fún gbogbo ẹṣin rẹ̀ lóògùn ní oṣù méjì méjì, yálà aràn wà nínú wọn tàbí kò sí. Àmọ́ láti àwọn ọdún 1960 tí àṣà yìí ti gbilẹ̀, oògùn ti mọ́ aràn lára débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kú mọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí á kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ wò. A ó bu ìgbẹ́ tí ẹṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sínú ọ̀rá, a ó fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó sì gbé e sínú kúlà, kí ẹyin aràn má baà pa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ẹyin bá lé ní 200 nínú gíráàmù kan, ẹṣin náà nílò oògùn. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè dúró, nítorí nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ẹṣin àgbà ló ń da nǹkan bí ìdá 80 ẹyin sórí koríko.

Àyẹ̀wò ni mo fara mọ́ fún ẹṣin àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rí ìdin, ìyẹn ọmọ aràn tí kò tíì dàgbà, tó sá pamọ́ sínú awọ ìfun, èyí tó mú kí oògùn ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, pọn dandan. Ìlànà oṣù ló yẹ ọmọ ẹṣin tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí aràn gígùn lè dí ìfun rẹ̀.