Káàdì 0% fún gbígbé gbèsè: èwo ni kí ẹ mú, èwo sì ni kí ẹ fi máa ra ọjà?

Ẹni tó bá ń wá káàdì kírẹ́díìtì tí yóò gbé gbèsè rẹ̀ lọ sí ní Amẹ́ríkà, iye oṣù tí wọn ò ní gba èlé ló kọ́kọ́ máa ń wò. Oṣù 12, oṣù 15, oṣù 18, oṣù 21: èyí tó bá gùn jù ni ọwọ́ máa ń yá sí. Ní tèmi, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: tí gbèsè bá ti dé orí káàdì tuntun, ṣé káàdì yẹn kan náà lẹ óò tún máa fi ra epo ọkọ̀ àti oúnjẹ ilé? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, káàdì olóṣù 18 lè jẹ owó yín ju olóṣù 15 lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú iye owó kan ká fi ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀. Gbèsè $4,000 wà lórí káàdì àtijọ́, èlé rẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún. Ọjà tí ẹ ń rà lóṣooṣù jẹ́ $600. Báńkì tuntun ń gba 3% láti gbé gbèsè náà, ìyẹn $120 (àwọn mìíràn ń gba 5%). Kì í ṣe owó tí ẹ máa mú jáde lápò. Orí gbèsè ni wọ́n máa ń fi lé. $4,120 ló wá di ti yín láti san.

Ibi tí èlé ń gbà wọlé

Káàdì tí ẹ bá ń san tán lóṣooṣù kì í gba èlé lórí ọjà. Tí wọ́n bá ti pa ìṣirò oṣù dé, ó kéré tán ọjọ́ 21 ni ẹ máa ní kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ lé owó ọjà. Àmọ́ ọjọ́ ọ̀fẹ́ yìí ní àdéhùn tirẹ̀. Òfin ní kí gbogbo káàdì tẹ tábìlì iye èlé àti owó iṣẹ́ sójú ìwé tí ẹ fi ń béèrè fún un. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ "How to Avoid Paying Interest on Purchases" (bí ẹ ṣe lè yẹra fún èlé lórí ọjà) sí nínú tábìlì náà. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ káàdì ni pé wọn ò ní gba èlé lórí ọjà bí ẹ bá san "entire balance" yín kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá. Gbogbo gbèsè orí káàdì ni wọ́n ń wí, $4,120 tí ẹ gbé wá sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ta ló máa san $4,120 tán lóṣù kan? Ẹni tó bá lè san án kò ní gbé gbèsè kiri. Torí náà, níwọ̀n ìgbà tí gbèsè yẹn bá ṣì wà lórí káàdì, kò sí ọjọ́ ọ̀fẹ́ fún ọjà mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ti ra nǹkan ni èlé ti ń gorí rẹ̀, kódà tí ẹ bá san owó ọjà náà pátá nígbà tí ìwé ìṣirò dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, CFPB, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà báńkì, kọ ìwé ìkìlọ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: ẹ má fi 0% fa ènìyàn wọlé kí ẹ má sì sọ fún un pé ọjọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ lórí ọjà tuntun máa lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wà nínú ìwé ìpolówó. Bóyá ẹnikẹ́ni ń kà á, ìyẹn tún yàtọ̀.

Mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fún oṣù 18

| Ọ̀nà | Owó gbígbé | Èlé lórí gbèsè | Èlé lórí ọjà |
|---|---|---|---|
| Ẹ jókòó sórí káàdì àtijọ́, ẹ ò ra nǹkan kan sí i | $0 | bí $800 | kò sí |
| Káàdì 0% fún gbèsè nìkan, ẹ sì ń fi ra ọjà | $120 | $0 | bí $280 |
| Káàdì 0% fún gbèsè àti ọjà | $120 | $0 | $0, títí 0% fi máa parí |
| Káàdì méjì: ọ̀kan fún gbèsè, ọ̀kan fún ọjà | $120 | $0 | $0 |

Níbo ni $280 ti wá? $600 tí ẹ ń ná díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù, tí ẹ sì ń san ní ọjọ́ ìsanwó, yóò wà lórí káàdì fún bí ogójì ọjọ́, tí a bá pín in dọ́gba. Èlé 24% lórí $600 fún ogójì ọjọ́ ń lọ sí $15.78. Ní oṣù 18, ó ti di $284. Ẹ wò ó dáadáa: owó tí wọ́n sọ fún yín tẹ́lẹ̀ jẹ́ $120, èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Káàdì 0% fún gbèsè nìkan

Àwọn tó gùn jù wà nínú ẹgbẹ́ yìí, oṣù 18 tàbí 21. Fún ẹni tó máa gbé gbèsè síbẹ̀ tí yóò sì ti káàdì náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kò sí èyí tó dáa tó o. $4,120 tí a pín sí oṣù 18 jẹ́ $229 lóṣù, gbèsè á sì tán.

Ìjàǹbá rẹ̀ wà nínú bí báńkì ṣe ń pín owó tí ẹ bá san. Òfin CARD Act ti 2009, tí apá yìí nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2010, sọ pé ohunkóhun tí ẹ bá san kọjá iye tó kéré jù tí báńkì ní kí ẹ san lóṣù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sórí gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù. Kí òfin náà tó dé, òdì kejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báńkì ń ṣe. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí iye tó kéré jù gbọ́dọ̀ lọ, báńkì sì lè fi ìyẹn sórí gbèsè 0%.

Ẹ wo oṣù kan. Ìwé ìṣirò ní $4,120 tí ẹ gbé wá àti $600 ọjà. Iye tó kéré jù jẹ́ $45. Ẹ san $229 bí ẹ ṣe ṣètò. $45 lọ sórí gbèsè 0%, ó ku $4,075 níbẹ̀. $184 tó kù lọ sórí ọjà, $416 ọjà sì ṣì wà nílẹ̀ tí èlé 24% ń gorí rẹ̀. Ẹ̀yin rò pé ẹ ti yọ $229 kúrò nínú gbèsè tí ẹ gbé wá. $45 péré lẹ yọ. Tí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, oṣù 18 á pé, èyí tó pọ̀ nínú gbèsè náà á sì ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ń gba 2% padà lórí gbogbo nǹkan tí àwọn bá rà. Lórí $600, $12 nìyẹn. Èlé rẹ̀ jẹ́ $15.78. Báńkì ti gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà, ó sì tún mú owó lé e.

Mi ò sọ pé ọ̀nà yìí burú tán o. Bí ẹ bá ń san $600 ọjà tán lóṣooṣù, $120 àti $280 jẹ́ $400, ìdajì $800 tí ẹni tó jókòó sórí káàdì àtijọ́ máa san. Àmọ́ $280 nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí kò yẹ kó jáde rárá.

Káàdì 0% fún gbèsè àti ọjà

Èyí ló yẹ ẹni tí kò fẹ́ ju káàdì kan lọ, tàbí tí báńkì ò ní fún ní èkejì. Iye oṣù rẹ̀ máa ń kéré díẹ̀, oṣù 12 tàbí 15. $4,120 ní oṣù 15 jẹ́ bí $275 lóṣù, ìyẹn $46 lé lórí ti olóṣù 18. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa san $600 ọjà lóṣooṣù lẹ́yìn $275. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ nìyẹn: nígbà tí kò sí èlé tó ń ta ni, ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Ní oṣù 16, gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù á bọ́ sí èlé gidi.

Ẹ yẹ ọjọ́ méjèèjì wò. Káàdì kan lè fún yín ní oṣù 18 fún gbèsè àti oṣù mẹ́fà péré fún ọjà. Ní oṣù keje, inú ìṣòro káàdì gbèsè nìkan lẹ ti wà.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ káàdì ilé ìtajà tó ń sọ pé kò sí èlé bí ẹ bá san tán láàárín oṣù 12. Ìyẹn kì í ṣe 0%. Èlé ń kó jọ lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti ra ọjà. Tí $1 bá ṣẹ́ kù nígbà tí oṣù 12 pé, wọ́n lè gbé gbogbo èlé náà kà yín lórí.

Káàdì méjì

Èyí ni èmi máa mú. Gbèsè lọ sórí káàdì tó gùn jù, ẹ ò sì ní fi ra ohunkóhun, kódà súìtì. Ọjà wà lórí káàdì kejì tí kò ní gbèsè kankan nílẹ̀, tí ẹ ń san tán lóṣooṣù, tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì wà digbí. 2% tí ẹ ń gbà padà á wá jẹ́ ti yín lóòótọ́. Tí ẹ ò bá ní káàdì kejì, káàdì dẹ́bíìtì tó ń yọ owó nínú àkáǹtì yín á ṣe é.

Ohun tó máa ń bá ètò yìí jẹ́ ni àwọn owó tó ń yọ ara wọn lóṣooṣù, irú owó fóònù àti fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà káàdì tuntun sílẹ̀ níbì kan, ọjà ti wọ ibi tí kò yẹ kó dé. $15 lóṣù kò ní fa èlé tó pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fa owó yín kúrò níbi tí ẹ fẹ́ kó lọ.

Àwọn nǹkan tí mo máa wò kí n tó tọwọ́ bọ̀wé

Báńkì kì í gba gbèsè láti orí káàdì tirẹ̀ sórí òmíràn tirẹ̀, nítorí náà ilé-iṣẹ́ mìíràn lẹ máa wá. Wọ́n máa ń fún yín ní iye ọjọ́ kan láti gbé gbèsè kí 0% tó bọ́, 60 lọ́dọ̀ ẹni kan, 120 lọ́dọ̀ òmíràn. Ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí owó tó dé ibi tó ń lọ. Ẹ máa san káàdì àtijọ́ títí ẹ óò fi rí i pé ó ti wọlé. Bí ẹ bá fi ju 60 ọjọ́ pẹ́ láti san, òfin gbà kí báńkì gba 0% náà kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo àwọn credit union pẹ̀lú, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ṣiṣẹ́ bíi báńkì, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín. Èyí tó bá gba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba èlé tó ju 18% lọ, àwọn mìíràn nínú wọn kì í sì í gba owó gbígbé gbèsè rárá. Tí $4,000 bá máa pẹ́ kó tó tán, ìyẹn lè sàn ju 0% tó máa parí lọ́jọ́ kan lọ.

Àwọn káàdì kan sì wà tí kì í fi gbèsè tí ẹ gbé wá kun àdéhùn ọjọ́ ọ̀fẹ́. Ìwé ìṣirò wọn máa ń kọ iye kan tí ẹ lè san láti yẹra fún èlé lórí ọjà, tó kéré sí gbogbo gbèsè. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ mú un. Káàdì kan ṣoṣo tó. Ẹ pe báńkì kí ẹ tó béèrè fún káàdì, kí ẹ ní kí wọ́n tọ́ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú àdéhùn. Ẹnu olùtajà nìkan ò tó.

Fún ẹni tí ọjà rẹ̀ ti wọ káàdì gbèsè tẹ́lẹ̀: ẹ dá ríra dúró lónìí, kí ẹ san iye tó kéré jù pọ̀ mọ́ gbogbo owó ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, èlé díẹ̀ á tún hàn lórí ìwé ìṣirò, ti àwọn ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde àti ìgbà tí owó yín wọlé. Kì í ṣe àṣìṣe báńkì. Ẹ san ìyẹn náà lé iye tó kéré jù, láti oṣù yẹn lọ gbogbo ohun tí ẹ bá san á máa lọ tààrà sórí gbèsè tí ẹ gbé wá.