Mọ́dẹ́ẹ̀lì Jaguar XKD 501: iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, ìtàn ni wọ́n dojú rú

Ojú ìwé kẹta ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n fi ṣe àwòkọ ọkọ̀ eré Jaguar D-Type kan ni mo rà, XKD 501 sì ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ gidi náà. Nínú ìwé kékeré tó wà nísàlẹ̀ páálí rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ góòlù kọ ọ́ gàdàgbà pé Ron Flockhart àti Ivor Bueb ló wa ọkọ̀ yìí gba ipò kìíní ní Le Mans, eré ọkọ̀ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ti ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1956. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Flockhart àti Ninian Sanderson ni! Ọdún 1957 ni Flockhart àti Bueb jọ borí, ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ XKD 606 ni wọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ní 1956 tí wọ́n ń sọ yìí, abẹ́ ilé iṣẹ́ Jaguar fúnra rẹ̀ ni Bueb wà, òun àti Mike Hawthorn, ipò kẹfà ni wọ́n ṣe. Owó tó lé ní £200 ni mo san, ẹni tó ṣẹ́gun gan-an ni wọ́n wá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ mi ru.

Mi ò ní máa ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó àti bó ṣe ń sáré tó fún yín. Ẹni tó bá ń wá mọ́dẹ́ẹ̀lì D-Type kiri ti mọ ìyẹn. Ìtàn ọkọ̀ yìí ni mo ra. Edinburgh ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni Ecurie Ecosse, ikọ̀ eré ọkọ̀ tí Flockhart àti Sanderson wa ọkọ̀ yìí fún, ti jáde. David Murray tó dá a sílẹ̀, oníṣirò owó ni. Àdúgbò Merchiston Mews ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, Wilkie Wilkinson ló sì ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ wo irú àwọn èèyàn yìí, tí wọ́n kó ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n rà bí oníbàárà lọ sí ilẹ̀ Faransé, láti lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá figẹ̀ wọngẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Jaguar fúnra rẹ̀ mú ọkọ̀ mẹ́ta wá sí Le Mans lọ́dún 1956 náà. Méjì nínú wọn ti bàjẹ́ kí ìyípo kejì tó parí: Paul Frère pàdánù ìjánu tirẹ̀, Jack Fairman tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà sì bá a lọ. Ẹ̀kẹta, ti Hawthorn àti Bueb, páìpù tó ń gbé epo wọ ẹ́ńjìnnì ló sán, wọ́n fi ọ̀pọ̀ àkókò ṣòfò níbi tí wọ́n ti ń wá ohun tó ń ṣe é. Báyìí ni ìrètí gbogbo Jaguar ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Edinburgh. Òjò ń rọ̀, Stirling Moss àti Peter Collins ń lé wọn nínú Aston Martin, ṣùgbọ́n ìyípo 300 ni Flockhart àti Sanderson ṣe, 299 ni ti àwọn Moss. Ẹ wá sọ fún mi bí èèyàn ṣe máa yọ Sanderson kúrò nínú irú ìtàn yìí tí kò ní gba èébú.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn o, mọ́dẹ́ẹ̀lì náà rẹwà. Ọ̀dà búlúù yẹn kò ṣú jù, kò mọ́lẹ̀ jù, bí iná bá tàn sí i lára, á máa dán wínrínwínrín bó ṣe yẹ. Èèyàn lè ká bọ́nẹ́ẹ̀tì síwájú kó wo kábúrétọ̀ Weber mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ibi tó tiẹ̀ wù mí jù ni ìgbérí lẹ́yìn awakọ̀: tí ẹ bá fi èékánná gbé ìdérí rẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí ẹnu táńkì epo lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára ọkọ̀ gidi. Mo gbé e, mo dé e, mo tún gbé e. Ìyàwó mi ní ṣé ọmọdé ni mí ni.

Ibi tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí àléébù kejì. Gíláàsì iwájú tí wọ́n fi sí i, ti awakọ̀ nìkan ni, èyí kékeré tó ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Àwọn aláṣẹ Le Mans kò gba ìyẹn láyè mọ́ ní 1956. Lẹ́yìn jàm̀bá 1955 tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rin, wọ́n tún ojú ọ̀nà ṣe, wọ́n sún eré náà sí ìparí oṣù Keje, wọ́n dín epo kù, wọ́n sì pa á láṣẹ pé gíláàsì gbọ́dọ̀ gba iwájú ọkọ̀ já láti ọ̀tún dé òsì. Nọ́ńbà 4 tó wà lára mọ́dẹ́ẹ̀lì yìí jẹ́ ti 1956, gíláàsì rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí òfin kò tíì yí padà.

Mo kàn sí ilé ìtajà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin kan dá mi lóhùn kíákíá, orúkọ tí ìyá mi sọ mí gan-an ló fi ń pè mí, láìsí Ọ̀gbẹ́ni, láìsí kinní kan. Ó dáa, ìlú wọn la wà. Ó ní kí n ya fọ́tò ibi tó fọ́. Mo ní kò sí ibi tó fọ́, ìtàn ni kò tọ́. Ó tún ní kí n ya fọ́tò ibi tó fọ́. Mo bá ya fọ́tò ojú ìwé kẹta, mo fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ Bueb, mo fi ránṣẹ́. Èsì wo ni mo gbà? Wọ́n ní àwọn ti yẹ fọ́tò náà wò, ọjà mi kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n àwọn yóò bá mi yọ díẹ̀ nínú owó ọjà tí mo bá tún rà. Mo kọ ímeèlì sí ọ̀gá wọn. Òun ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì ni ìwé ti wá, kò kan ilé ìtajà. Ta ló wá kàn?

Bí mo ṣe fẹ́ dá ọjà wọn padà ni fóònù dún. Bàbá kan ni, ohùn rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Glasgow ni, ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń tún ọjà ṣe ló ti ń pè. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn tó kí mi ni pé, “Sà, ẹ má bínú, Sanderson ni.” Inú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan náà ló ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ 1957, ọ̀rọ̀ ti ìyẹn ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ti èyí. A sọ̀rọ̀ títí tíì mi fi tutù. Òun ló rán mi létí Jimmy Stewart, ẹ̀gbọ́n Jackie Stewart, gbajúgbajà awakọ̀ eré nì, tó fi ọkọ̀ yìí gan-an ní jàm̀bá ní 1955, kí ògo rẹ̀ tó dé.

Lẹ́yìn náà ni àpò ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ bàbá náà. Gíláàsì tó gba iwájú já wà nínú rẹ̀, ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, ó sì fọwọ́ kọ ọ́ pé kí n má lo súpà gúlúù, torí á sọ gíláàsì náà di funfun, gọ́ọ̀mù funfun lásán ni kí n lò. Ó tún tẹ ojú ìwé méjì nípa àwọn tó ti ni ọkọ̀ náà. Gbólóhùn kan péré ni ìwé inú páálí kọ nípa ìyẹn o: “ó ti kọjá lọ́wọ́ àwọn olówó.” Bàbá yìí kọ ti Major Thomson ará Peebles, tó ń fi owó ti ikọ̀ náà lẹ́yìn, tí ọkọ̀ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ó kọ ti Sir Michael Nairn tó rà á ní 1970, àti bó ṣe ré òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 2016, wọ́n lu ú ní gbàǹjo ní Monterey, ní Kalifọ́níà, ní $21,780,000. Kò tíì sí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó pa irú owó bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo títí di ìgbà yẹn. Aston Martin DBR1 kan ló gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kejì, bí ẹni pé wọ́n ń gbẹ̀san Moss àti Collins.

Mo ti lẹ gíláàsì náà, ó jókòó dáadáa. Ìwé inú páálí ti wọ ibi tí a ń da bébà sí, ojú ìwé méjì bàbá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí ná: ilé ìtajà náà yọ owó ìfiránṣẹ́ àpò ìwé yẹn nínú káàdì mi! Mo ti kọ̀wé sí wọn, ọmọbìnrin yẹn sì ti ní kí n ya fọ́tò rẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti ra ti 1957 náà.